Ìkìlọ̀: Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀dà inú ike àlòkù, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kun yàrá ní àyìnrín

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí ẹ tó kówó fún ẹnikẹ́ni tó ń ta ọ̀dà. Wọ́n rẹ́ mi jẹ ní Abẹ́òkúta níbí lóṣù tó kọjá, mi ò sì fẹ́ kí ọwọ́ wọn tún ba ẹlòmíì.

Àwọ̀ tó wù mí ni àyìnrín tó fẹ́ fi díẹ̀ jọ ewé, bí ojú odò ṣe máa ń rí láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Aláró ni ìyá màmá mi ní Ìtòkú. Aṣọ tí kò bá pẹ́ nínú aró ni wọ́n ń pè ní àyìnrín, èyí tó bá mu aró yó ló ń di ẹtù. Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀, òun ni mo sì fẹ́ fi kun pálọ̀ àti yàrá àwọn ọmọ.

Péńtà wa ní òun mọ ẹnì kan tó ń ta ojúlówó, pé tirẹ̀ fi ₦9,000 dín sí iye tí wọ́n ń ta ike oní-lítà 20 ní ṣọ́ọ̀bù ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é. A jọ lọ. Ọkùnrin náà na káàdì àwọ̀ sí mi, mo mú èyí tí mo fẹ́. Ó ṣí gálọ́ọ̀nù kan tó wà lórí káńtà, ó ti igi bọ inú rẹ̀, ó fi kun pákó kékeré kan. Ó rẹwà, ó tutù lójú. Ó ní, "Àǹtí, bó ṣe máa rí lára ògiri yín gẹ́lẹ́ nìyí." Ó wá wọ inú lọ, ó gbé ike mẹ́ta jáde. Orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá ló wà lára wọn, ọmọrí wọn sì dé pinpin. Mo sanwó. Mi ò ní kó ṣí ìkankan nínú wọn, ibẹ̀ gan-an ló sì ti mú mi.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni péńtà kùn ún kó tó bo ògiri. Ike kejì ò bá ti àkọ́kọ́ mu: ògiri kan nínú pálọ̀ jọ ewé, èkejì jọ ojú ọ̀run. Nígbà tó tó ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọ mi fẹ̀yìn ti ògiri. Bó ṣe dìde, ẹ̀yìn yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ ti di àyìnrín. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ pa ògiri, lẹ́búlẹ́bú ló bá ọwọ́ mi wá. Mo rẹ aṣọ sómi, mo fi tẹ ojú kan. Kíá ni ibẹ̀ ṣú, mo sì ń rí sìmẹ́ńtì abẹ́ rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá ń wo nǹkan láti inú ọ̀rá. Nígbà tó gbẹ, àwọ̀ rẹ̀ tún padà.

Ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò wa tó ti ń po ọ̀dà tipẹ́ ló là mí lójú. Nínú ọ̀dà olómi, ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń pè ní titanium ló ń bo ògiri, gọ́ọ̀mù bíi PVA tàbí acrylic ló ń mú un dúró, kálíṣíọ̀mù, tó dà bí ẹfun, ló ń mú kó pọ̀. Titanium àti gọ́ọ̀mù ló wọ́n. Oníjìbìtì á dín méjèèjì kù, á da ẹfun àti omi sí i, á wá fi Natrosol mú un ki kí ojú lè gbà á gbọ́. Ẹfun tútù kì í bo nǹkan, ìgbà tó bá gbẹ ló ń funfun. Ìdí nìyẹn tí sìmẹ́ńtì fi hàn nígbà tí mo fi aṣọ tútù tẹ̀ ẹ́. Àwọ̀ tó rọ̀ bí àyìnrín sì bá wọn lára mu, torí funfun ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, aró tí wọ́n máa ra kò tó nǹkan. Aró búlúù àti ti ewé yẹn lágbára púpọ̀. Bí wọ́n bá ń fojú wọ̀n ọ́n, ike méjì kò lè bára mu láéláé.

Ibo ni wọ́n ti rí ike? Lọ́wọ́ wa ni. Nígbà tí mo yí ọmọrí ọ̀kan nínú mẹ́ta náà wò, mo rí ọ̀dà pupa gbígbẹ lábẹ́ etí rẹ̀. Ilé ẹlòmíì ni wọ́n ti lo ike yẹn rí. Wọ́n ń ra òfìfo ike lọ́wọ́ àwọn tó bá kunlé tán, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á rọ tiwọn sí i, wọ́n á lẹ ọmọrí padà.

Mo padà lọ bá ọkùnrin tó ta ọ̀dà náà fún mi. Ó ní sìmẹ́ńtì ògiri mi ni kò tíì gbẹ. Lóòótọ́, ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ nílò bí ọjọ́ 28 kó tó ṣeé kùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó lè ba àwọ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti lé lọ́dún márùn-ún tí a ti rẹ́ ilé yìí. Mo mú rìsíìtì jáde, "ọ̀dà mẹ́ta" péré ló kọ sí i, kò sí orúkọ ilé iṣẹ́ kankan. Péńtà kò gbé fóònù mi mọ́.

Mi ò bá àwọn tó ń po ọ̀dà, tí wọ́n sì ń fi orúkọ ara wọn tà á, jà. Iye tí wọ́n pè é lẹ máa san, ẹ sì mọ ohun tí ẹ rà. Èyí tó ń bí mi nínú ni kí wọ́n fi orúkọ olórúkọ gba owó lọ́wọ́ èèyàn. Ẹ̀rù tirẹ̀ tún pọ̀ tó bá kan ọ̀dà olóròóró tí a fi ń kun ilẹ̀kùn. Òfin NAFDAC ní òjé inú ọ̀dà kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 90 nínú mílíọ̀nù kan lọ, torí òjé máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ta ló wọn ti inú ike àlòkù?

Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ilé iṣẹ́ ọ̀dà tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po àwọ̀, kí ẹ gba kóòdù rẹ̀, kí ẹ sì ra gbogbo ike tí ẹ máa lò lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ní kí wọ́n ṣí gbogbo rẹ̀ lójú yín. Ẹ yẹ abẹ́ etí ọmọrí wò. Ẹ fi kun páálí lẹ́ẹ̀mejì, kó gbẹ, ẹ gbé e sínú yàrá tí ẹ fẹ́ kùn, ẹ wò ó láàárọ̀ àti lálẹ́: lábẹ́ gílóòbù pupa rúsúrúsú (yẹ́lò), àyìnrín á jọ ewé, lábẹ́ gílóòbù funfun, á padà di búlúù. Kí orúkọ ọ̀dà, kóòdù àti nọ́ńbà ara ike wà lórí rìsíìtì yín. Ẹni tí wọ́n bá ti rẹ́ jẹ, tí rìsíìtì rẹ̀ pé, kó gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà àwọn oníbàárà.

Bí iṣẹ́ bá sì parí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé òfìfo ike lọ. Mo ti fi ìṣó lu ìdí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tèmi.