Áńtíbọ́dì HPRT1: èwo ni kí ẹ rà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

HPRT1 ni ẹ́ńsáìmù tó ń gba hypoxanthine àti guanine padà kí sẹ́ẹ̀lì má baà dà wọ́n nù, tó ń sọ wọ́n di IMP àti GMP, èròjà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe DNA. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́ rárá ló ń ní àìsàn àjogúnbá Lesch-Nyhan, tí Michael Lesch àti William Nyhan ṣàpèjúwe ní 1964. Áńtíbọ́dì (purotéènì tó ń di purotéènì mìíràn mú, tí a fi ń wá a) tó ń wá HPRT1 pín sí mẹ́ta lọ́jà: polyclonal ti ehoro, monoclonal ti eku, àti recombinant ti ehoro.

Polyclonal, ìyẹn àdàlù oríṣiríṣi áńtíbọ́dì, ni owó rẹ̀ sábà máa ń kéré jù. Ojú ibi púpọ̀ ló ti ń di purotéènì náà mú, ó sì tètè máa ń rí i. Àmọ́ inú ẹ̀jẹ̀ ẹranko ló ti ń wá. Tí ehoro yẹn bá kú, èyí tí ẹ máa rà lẹ́yìn náà lè má ṣe bíi ti àkọ́kọ́. Mo lè rà á fún iṣẹ́ oṣù kan, mi ò ní rà á fún iṣẹ́ PhD.

Monoclonal ti eku, ìyẹn áńtíbọ́dì oríṣi kan ṣoṣo, dúró sójú kan ju ìyẹn lọ, ó sì dára fún sẹ́ẹ̀lì ènìyàn bíi HeLa. Tó bá jẹ́ ẹran ara eku lẹ fẹ́ yẹ̀ wò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á. Nǹkan bíi 24.5 kDa (kilodalton, ìwọ̀n tí a fi ń wọn purotéènì) ni HPRT1. Light chain (apá kékeré) IgG, ìyẹn áńtíbọ́dì tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ eku, náà jẹ́ nǹkan bíi 25 kDa. Secondary (áńtíbọ́dì kejì tó ń fi ibi tí àkọ́kọ́ wà hàn) tó ń wá IgG eku á mú méjèèjì, ilà tí inú yín ń dùn sí lórí western blot (àyẹ̀wò tó ń to purotéènì bí wọ́n ṣe tóbi sí) sì lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ lásán.

Recombinant ti ehoro lèmi máa mú, bó tilẹ̀ wọ́n. Wọ́n mọ jíìnì tí wọ́n fi ṣe é, nítorí náà ti ọdún yìí àti ti ọdún tó ń bọ̀ á jọra. Fún immunoprecipitation (fífi áńtíbọ́dì fa purotéènì jáde láàárín àwọn yòókù), ẹ ra secondary tí kì í mú light chain mọ́ ọn, torí light chain ti ehoro náà máa ń bo ilà HPRT1.

Èyí ó wù kí ẹ mú, ẹ wá àwòrán knockout (sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ba jíìnì HPRT1 rẹ̀ jẹ́) nínú datasheet, ìwé àlàyé ọjà náà: ilà 24.5 kDa gbọ́dọ̀ pòórá níbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tí 6-thioguanine (oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì tí HPRT1 rẹ̀ ń ṣiṣẹ́) kò pa kò tó fi rọ́pò rẹ̀, torí purotéènì lè wà níbẹ̀ láì ṣiṣẹ́. Ìdí kan náà nìyẹn tí áńtíbọ́dì kankan ò fi lè sọ bóyá ẹ́ńsáìmù aláìsàn ń ṣiṣẹ́. Tó bá jẹ́ ìyẹn lẹ fẹ́ mọ̀, ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù ni kí ẹ náwó lé.