Ìdánwò Àṣewọlé Ilé-ẹ̀kọ́ Ìjọba Àpapọ̀: Ìbéèrè Kan Náà, Máàkì Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ìdánwò tí NECO ń ṣe fún àwọn ọmọ tó fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba àpapọ̀, irú bíi King's College tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1909 àti Queen's College ti ọdún 1927, dára ní ti pé ìdánwò kan náà ni gbogbo ọmọ Nàìjíríà ń ṣe. Máàkì àbáwọlé ni mo lòdì sí. Nínú àtẹ tó gbòde ní ọdún 2013, ọmọ Anambra ní láti gba 139, ọmọ Èkó 133, ọmọ Ògùn 131, nígbà tí ọmọkùnrin Zamfara lè fi 4 wọlé, tí ọmọbìnrin ibẹ̀ sì lè fi 2 wọlé.

Mo gbà tọkàntọkàn pé ó yẹ kí ìjọba ran àwọn ẹkùn tí ẹ̀kọ́ kò tíì rinlẹ̀ sí lọ́wọ́, nítorí ọmọ tó ń jókòó sórí ilẹ̀ nínú kíláàsì tí kò ní olùkọ́ kò lè bá ọmọ Ìkẹjà figagbága. Ṣùgbọ́n ìrànlọ́wọ́ wo ló wà nínú máàkì 2? Iṣẹ́ JSS 1 yóò wọ ọmọ náà lọ́rùn, àwọn olóṣèlú tó yẹ kó tún ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìlú rẹ̀ ṣe yóò sì rí ohun fi bojú. Ọmọ Ògùn tó gba 130 ńkọ́? Mi ò lè yin ètò yìí títí wọn yóò fi gbé máàkì tó kéré jù lọ kalẹ̀ fún gbogbo ìpínlẹ̀, kí wọ́n sì fi ọdún kan ẹ̀kọ́ ìmúrasílẹ̀ ran àwọn tí kò bá dé ibẹ̀ lọ́wọ́.