Mo fi sẹ́ńsọ̀ oníná sínú tánkì omi wa, ẹ gbọ́ bó ṣe rí

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́, nǹkan yìí dáa. Tí wọ́n bá ní kí n fún un ní máàkì, mẹ́rin nínú márùn-ún ni màá fún un, àmọ́ ìdí tí mo fi yọ ẹyọ kan kúrò ni kẹ́ ẹ fetí sí dáadáa torí ibẹ̀ gan-an làwọn tó ń tà á máa ń gbà rẹ́ èèyàn jẹ.

Sẹ́ńsọ̀ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ mọ̀ bóyá omi ti dé ibì kan nínú tánkì àbí kò tíì dé ni. Mẹ́ta ló wà nínú páálí, méjì fún tánkì, ọ̀kan fún kànga, pẹ̀lú bọ́ọ̀dù kékeré kan tó ń tan súmò (ẹ̀rọ tó ń fa omi látinú kànga) tó sì ń pa á. Nǹkan bíi ogójì ẹgbẹ̀rún náírà ni gbogbo ẹ̀, ìwé tó bá a wá kò wúlò fún nǹkan kan, èdè Ṣáínà ló pọ̀ jù níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwòrán wáyà tó wà lẹ́yìn bọ́ọ̀dù yẹn tó fún ẹni tó bá mọ iṣẹ́.

Ẹni tó bá ń gbé n'Ìbàdàn á mọ bọ́rọ̀ ṣe rí. Kànga la ní, súmò one horse ló ń fa omi lọ sínú tánkì dúdú ẹgbẹ̀rún lítà lórí tówà. Tí wọ́n bá ti mú iná wá báyìí, ẹnì kan á sáré tan súmò, á lọ jókòó ti tẹlifíṣọ̀n, ó di ìgbà tí aládùúgbò bá pariwo pé "ẹ̀yin ará ilé yìí, omi yín ń dà o!" kó tó rántí. Tẹ́lẹ̀ a máa ń fi rẹ́rìn-ín ni, ṣùgbọ́n láti April 2024 tí NERC, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, ti gbé owó iná àwa Band A, ìyẹn àwa tí wọ́n ń fún ní iná jù, dé ₦225 lórí kilowatt wákàtí kan, bó tiẹ̀ jẹ́ pé wọ́n dín in kù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹ̀rín yẹn ti tán lẹ́nu wa. Ti kànga ló tún burú jù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tómi bá fà, tí súmò ṣì ń yí, á jóná ni, torí omi tó yí i ká yẹn náà ló ń jẹ́ kí ara ẹ̀ tutù.

Float switch, ìyẹn súwíìsì tó ń léfòó lórí omi, là ń lò tẹ́lẹ̀, mi ò ní bú u. Float rọrùn, púlọ́ńbà èyíkéyìí mọ̀ ọ́n, kò sì nílò bọ́ọ̀dù kankan. Wàhálà ẹ̀ ni pé ó ní láti máa fò lókè fò nílẹ̀ lórí omi, nínú tánkì tí páìpù pọ̀ sí wáyà ẹ̀ á lọ́ mọ́ nǹkan, float á há sísàlẹ̀, súmò á máa rò pé tánkì ṣófo. Ẹ óò wá ran ọmọ kan gun tówà pé kó lọ fọwọ́ tì í. Sẹ́ńsọ̀ oníná yìí ò ní nǹkan kan tó ń mì nínú ẹ̀, kò sí ohun tó lè há.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ dùn mọ́ mi gan-an, ẹ gbà mí láyè kí n ṣàlàyé ẹ̀ díẹ̀. Orí ẹ̀ jẹ́ ike tó mọ́ gaara, wọ́n gé e ṣóńṣó. Nínú ike yẹn iná kékeré kan wà tó ń tan infrared, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tójú èèyàn ò lè rí, ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Tí kò bá sómi níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á lọ gbá ẹ̀gbẹ́ ike, á ta lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, á tún ta padà wá sọ́dọ̀ ohun tó ń dúró dè é. Tómi bá ti bo orí ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á kàn gba inú ike bọ́ sínú omi ni, díẹ̀ báyìí ló máa padà wálé. Bọ́ọ̀dù á wá mọ̀ pé omi ti dé.

Ẹni tó bá fẹ́ ìṣirò ẹ̀, òun nìyí. Dígíríì 45 ni ìmọ́lẹ̀ fi ń gbá ẹ̀gbẹ́ ṣóńṣó yẹn. Láàárín ike polycarbonate tí wọ́n fi ṣe orí ẹ̀ àti afẹ́fẹ́, ìmọ́lẹ̀ tó bá ti fì ju bíi 39 lọ ò ríbi jáde, títa padà ló kù fún un. Láàárín ike yẹn kan náà àti omi, ó dìgbà tó bá ju bíi 57 lọ. Ẹ wò ó, 45 ju 39 lọ ṣùgbọ́n kò tó 57, gbogbo idán ẹ̀ ò ju ìyẹn lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fojú ara yín rí i, ẹ bu omi sínú kọ́ọ̀bù gíláàsì, ẹ gbé e sókè ju ojú yín lọ díẹ̀, ẹ wo ojú omi yẹn láti ìsàlẹ̀, ẹ óò rí i pé ó ń dán bíi jígí, ẹ ò ní lè rí òrùlé yàrá gba ibẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́ jáde nínú omi tí afẹ́fẹ́ ò gbà lẹ ń wò yẹn.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sórí ọjà. Ọmọkùnrin tó máa ń bá wa ṣe wáyà ilé ló bá mi dè é. Ó ní "Dádì, ṣé ẹ ò kàn ní jẹ́ ká fi ẹyọ kan sókè ni, ìyẹn náà á pa súmò tómi bá kún." Mo ní rárá o, torí mo ti kà nípa ẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan lẹ fi sókè, tẹ́nì kan bá ti bu omi korobá kan báyìí, omi á lọọlẹ̀ díẹ̀, súmò á tún tàn, á pa, á tún tàn, kí ìrọ̀lẹ́ tó lé, súmò yẹn á ti tàn á ti kú lọ́pọ̀ ìgbà, bẹ́ẹ̀ sì rèé ìgbà tí mọ́tò bá ń dìde gan-an ló ń fa iná jù. Méjì ló yẹ kó wà nínú tánkì, ti òkè ń pa á, ti ìsàlẹ̀ ń tan án, àárín méjèèjì lomi á ti máa sọ̀ tí á máa gòkè. Ẹ̀kẹta nínú kànga ń ṣọ́ pé kí súmò má fa afẹ́fẹ́.

Ibi tí wọ́n bá dè é sí tún ṣe pàtàkì. Ẹ̀gbẹ́ tánkì ni kẹ́ ẹ lu ihò sí, pẹ̀lú wáṣà rọ́bà nínú àti lóde, kí orí ṣóńṣó ẹ̀ sùn gbalaja kí omi lè máa kán kúrò lára ẹ̀. Tó bá dorí kọlẹ̀, omi kan á rọ̀ mọ́ ṣóńṣó yẹn bíi omijé, sẹ́ńsọ̀ á máa sọ pé omi ṣì wà nígbà tí tánkì ti fà tipẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kó sún mọ́ páìpù tàbí ògiri tánkì jù níwájú, torí ìmọ́lẹ̀ tó jáde lè gbá ibẹ̀ kó tún padà wọlé, á wá máa pè é ní afẹ́fẹ́. Tánkì dúdú ló tún bá a mu jù, oòrùn ní infrared nínú, nínú àwọn tánkì funfun tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá yẹn, oòrùn ọ̀sán lè dà á láàmú.

Máàkì tí mo yọ wá dà? Ìdọ̀tí ni. Omi kànga wa ní irin nínú, ẹ mọ àwọ̀ pupa tó máa ń mú ilé ìwẹ̀ yẹn. Ó ń bo orí ike náà díẹ̀díẹ̀, nǹkan yíyọ̀ kan á tún lẹ̀ mọ́ ọn lórí, ara ẹ̀ á máa lọ́rinrin ní gbogbo ìgbà, sẹ́ńsọ̀ tó wà lókè á máa pariwo pé omi ti kún. Súmò ò wá ní tàn, ilé á gbẹ. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́ o, aṣọ rírọ̀ àti fínígà díẹ̀ ló fẹ́, á tún mọ́ gaara, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ fún mi kí n tó rà á pé màá máa gun tówà lọ nu ojú ẹ̀. Ẹni tómi ẹ̀ mọ́ ò ní rí wàhálà yìí rárá. Ẹni tómi ẹ̀ pupa tí kò sì ní fílítà, mi ò ní rọ̀ ọ́ pé kó rà á, kó máa lo float ẹ̀ lọ jàre.

Ohun mìíràn ni rílè kékeré tó wà lórí bọ́ọ̀dù, ìyẹn súwíìsì tí bọ́ọ̀dù fúnra ẹ̀ ń tàn tó sì ń pa. Wọ́n kọ 10A (ámpù mẹ́wàá) sí i lára, súmò one horse ò sì fà tó bẹ́ẹ̀ tó bá ti ń yí, àmọ́ nígbà tó bá ń dìde, ó ń fa ìlọ́po ìlọ́po. Ẹ má fi rílè yẹn gbé súmò ní tààrà. Kí rílè máa tan contactor, ìyẹn súwíìsì ńlá tó lè gbé iná tó pọ̀, kí contactor máa gbé súmò. Kẹ́ ẹ sì fi súwíìsì kan sílẹ̀ tẹ́ ẹ lè fi tan súmò fúnra yín lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀dù bá ní òun ò ṣe mọ́.

Láti ìgbà tá a ti dè é, tí wọ́n bá mú iná wá lóru, omi ń gòkè fúnra ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń jí. Ìyàwó mi tó ní mo tún ti lọ ra ìṣeré ọmọdé ti dákẹ́.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ń bí mi nínú. Àwọn kan ń ta sẹ́ńsọ̀ ṣóńṣó yìí fáwọn èèyàn pé géèjì ni, pé á máa sọ iye lítà tó kù. Irọ́ ni! Bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ló mọ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ iye tó kù, ti lésà lẹ ń wá, èyí tí wọ́n ń gbé sábẹ́ ìdérí tánkì tó ń ta ìmọ́lẹ̀ sísàlẹ̀ tó sì ń ka àkókò tó fi lọ tó fi bọ̀. Chip VL53L0X ti ilé iṣẹ́ STMicroelectronics jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, lésà infrared 940 nanometer ni, ó lè ka tó mítà méjì. Chip gidi ni. Omi ni kì í ṣe ohun tó rọrùn fún lésà láti rí. Bíi ìdá méjì péré nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ tó bá já lu omi lóòró ni omi ń dá padà, ìyókù á rì wọlé, tómi bá tún ń rú nígbà tí súmò ń dà á, díẹ̀ yẹn náà á ta sí ẹ̀gbẹ́. Nọ́ńbà tó máa fún yín á kàn máa fò káàkiri.

Ó ní ọgbọ́n kan. Kẹ́ ẹ ri páìpù PVC lóòró sínú tánkì, kẹ́ ẹ lu ihò sí i nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ ju fóòmù funfun kan sínú ẹ̀ tó máa léfòó, fóòmù yẹn ni lésà á máa rí, kì í ṣe omi. Páìpù yẹn gbọ́dọ̀ gbòòrò dáadáa o, torí ìmọ́lẹ̀ chip yìí ń fẹ̀ bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀, tó bá ń gbá ara páìpù á tún purọ́. Kódà bẹ́ẹ̀ náà, nínú tánkì tó fẹ̀ tó mítà kan, sẹ̀ǹtímítà kan lómi jẹ́ bíi lítà mẹ́jọ, tó bá wá fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta ṣìnà, odindi kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò kan ti sọnù nínú ìṣirò. Fún ilé, kò burú. Fún ẹni tó ń ta omi, kò dáa tó.

Wọ́n á bi mí nípa tánkì epo. Bẹntiróòlù, ẹ má tiẹ̀ dán an wò, wáyà oníná ò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ àfi èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún un. Dísẹ́ẹ̀lì jẹnẹrétọ̀ náà, epo máa ń ba ike polycarbonate jẹ́, ẹ wá èyí tí orí ẹ̀ jẹ́ gíláàsì.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á nísọ̀, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní omi kọ́ọ̀bù kan, ẹ ti orí ẹ̀ bọ omi, kí iná bọ́ọ̀dù yí padà lójú ẹsẹ̀. Ẹ yọ ọ́, ẹ gbọ̀n ọ́n nù, kó tún padà. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ gbé e jáde sínú oòrùn, kẹ́ ẹ tún ṣe é, èyí tó bá ń ṣe ségesège níta yẹn, ẹ dá a padà fún wọn.