Ẹ̀yin ará lábù, ẹ ṣọ́ra: PEG lásán ni wọ́n ń tà fún wa

₦420,000! Iye tí ọkùnrin kan tó ń ta kẹ́míkà fún àwọn lábù gbà lọ́wọ́ mi nìyẹn. mPEG-NHS 5 kDa ni mo ní kó bá mi wá, gíráàmù kan péré, èyí tí a fi ń so okùn PEG, mólékù gígùn bí okùn, mọ́ ara purotéènì. NHS ni apá tó ń jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ọn; kDa ni òṣùwọ̀n ìwúwo mólékù. Ìgò kékeré ló gbé wá, lébẹ̀lì rẹ̀ ń dán gbinrin, nọ́ńbà lọ́ọ̀tì, èyí tí iléeṣẹ́ fi ń dá ìṣọ̀wọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan mọ̀, wà lára rẹ̀, yìnyín kún inú kúlà. Ta ni ò ní gbà á gbọ́? Kẹ́nikẹ́ni má bi mí pé kí ló dé tí mi ò rà á lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ń ṣe é. Ẹ lọ fi náírà sanwó fún wọn lókè òkun kẹ́ ẹ wò ó.

Mo pò ó mọ́ purotéènì kan tó ń jẹ́ lysozyme ní pH 8. Lysozyme ò ju nǹkan bíi 14 kDa lọ, lysine mẹ́fà, ibi tí PEG yìí ń lẹ̀ mọ́, ló wà lára rẹ̀. Bí okùn 5 kDa kan ṣoṣo bá lẹ̀ mọ́ ọn, ó yẹ kí ìlà rẹ̀ gòkè lórí jẹ́ẹ̀lì tí a fi ń ya purotéènì sọ́tọ̀ bí wọ́n ṣe tóbi tó. Kò gòkè. Mo tún un ṣe, mo fi PEG kún un: ìlà kan náà, ojú kan náà, bí ẹni pé mi ò fi nǹkan kan sí i. Purotéènì ṣòfò, owó tí àǹtí mi yá mi ṣòfò.

Mo pè é. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ: "Iná yín ló lọ, ẹ̀yin lẹ jẹ́ kó bàjẹ́." Èmi! Èmi tí mò ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ torí fíríísà -20°C yẹn!

Irọ́ ni. Bó bá bàjẹ́, NHS ló máa já kúrò lára PEG, àmọ́ inú ìgò náà ló ṣì máa wà, ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ á rí i ní 260 nm, irú ìmọ́lẹ̀ tí NHS ń gbà mu. Mo fi omi po díẹ̀, mo wò ó: òfo. Mo kán NaOH (sódà líle) sí i, èyí tó ń já NHS tó bá ṣẹ́ kù: òfo. Kò sí NHS níbẹ̀ láti ọjọ́ tó ti gbé e wá! Irú PEG tí wọ́n fi ń ṣe oògùn tó ń mú ni yàgbẹ́ ló rọ sínú ìgò. Olè ni!

Ẹ ṣe àyẹ̀wò 260 nm yìí kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, lójú ẹni tó gbé e wá. Ẹ fi nọ́ńbà lọ́ọ̀tì ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ tó ṣe é. Ìgbà tí mo bi wọ́n, wọ́n ní àwọn ò mọ nọ́ńbà náà rí. Mi ò gba ìkankan nínú àwọn ọlọ́jà yìí gbọ́ mọ́, àtẹni tó ń ta iyọ̀, àtẹni tó ń ta ìbọ̀wọ́.

Ó ṣì ń tà á o. Akẹ́kọ̀ọ́ kan fi àwòrán ìgò tirẹ̀ hàn mí lánàá: nọ́ńbà lọ́ọ̀tì kan náà.