Kámẹ́rà pélébé tó mọ àwọ̀ aró: Sony RX100 lọ́wọ́ aláró Òṣogbo

Àdìrẹ ni mò ń ṣe, ìyá mi ló kọ́ mi, ìyá tiẹ̀ ló kọ́ òun náà, Òṣogbo sì ni wá, ìlú aró. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe fọ́tò ni iṣẹ́ mi, aṣọ ni mò ń tà, orí WhatsApp àti Instagram ni mo sì ti ń tà á jù. Ohun tó gbé mi dédìí kámẹ́rà ni oníbàárà mi kan n'Ìbàdàn tó dá aṣọ padà, ó ní "Mọ́mì, ẹ má bínú o, aṣọ tí mo rí lójú fóònù kọ́ lẹ fi ránṣẹ́ yìí." Mo gbé fọ́tò wò, mo gbé aṣọ wò, òótọ́ ló sọ. Aṣọ tí mo rẹ lẹ́ẹ̀mẹfà nínú aró kó tó dúdú tó ń dán, fóònù mi ti sọ ọ́ di nǹkan tó ṣe bí eérú ṣe bí elésè àlùkò. Ó dùn mí gan-an. Téèyàn bá mọ wàhálà tó wà nínú kéèyàn dáró kó sì rí bó ṣe yẹ, kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i láìrí bó ṣe jẹ́.

Ohun tó ń fà á nìyí. Fóònù, àti kámẹ́rà púpọ̀ náà tẹ́ ẹ bá fi sí ọ́tò, fúnra ẹ̀ ló máa ń pinnu ohun tó yẹ kó funfun nínú fọ́tò. Tẹ́ ẹ bá wá na aṣọ aró síwájú ẹ̀ tó kún bámú, tó jẹ́ búlúù nìkan ló ń rí lókè nílẹ̀, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ ló ní búlúù nínú, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fa búlúù yẹn kúrò. Kẹ́ ẹ tó náwó rárá, ẹ wo inú kámẹ́rà fóònù yín bóyá ó ní ibi tí wọ́n kọ Pro sí, tó bá wà, ẹ lè tún WB (white balance, ibi tẹ́ ẹ ti ń sọ ohun tó funfun fún kámẹ́rà) ṣe fúnra yín níbẹ̀, ó lè tó yín. Tèmi ò ní in.

Kámẹ́rà àkọ́kọ́ tí mo rà, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù tó tà á fún mi. 48 ni wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí ẹ̀, ọmọ tó ń tajà sì ń tún un sọ léraléra pé "Mọ́mì, 48 mẹ́gà ni o, fóònù yín ò tó bẹ́ẹ̀", èmi náà gbà torí nọ́ńbà ńlá máa ń dùn létí. Mo délé, mo ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan, àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tí mo fi ìyẹ́ adìyẹ fà ti wọnú ara wọn bíi pé ẹnì kan fìka nù wọ́n. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó mọ̀ pé ọ̀pọ̀ irú kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú bẹ́ẹ̀, ohun tí kò rí ló ń dá kún fọ́tò kí nọ́ńbà ara páálí lè tóbi.

Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ mi ṣàlàyé. Mẹgapíksẹ́lì, ìyẹn mẹ́gà tí ọmọ yẹn ń sọ, ni iye ojú tí mo pín aṣọ sí kí n tó fi ẹ̀kọ kọ ọnà sí i. Sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ sí nínú kámẹ́rà, òun ni aṣọ fúnra ẹ̀. Ẹ gbé ìró àti ìborùn fún mi, kẹ́ ẹ ní kí n kọ iye ojú kan náà sórí méjèèjì: ti ìró á hàn kedere, ti ìborùn á há débi pé ẹ̀kọ ojú kan á máa ṣàn sí ìkejì. Sony W830 tẹ́ ẹ máa ń rí káàkiri yẹn, 20.1 mẹgapíksẹ́lì ni. RX100 tí mo padà rà, 20.2. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n tó bá jẹ́ ti orí páálí. Ṣùgbọ́n sẹ́ńsọ̀ W830 ò ju nǹkan bíi mìlímítà 6.2 sí 4.6 lọ, ti RX100 jẹ́ 13.2 sí 8.8, ó fẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́rin. Lẹ́ńsì náà ńkọ́? Nọ́ńbà tó máa ń tẹ̀lé lẹ́tà f tí wọ́n fi ń sọ bí ihò lẹ́ńsì ṣe fẹ̀ tó, bó bá ṣe kéré tó ni ihò lẹ́ńsì ṣe ń fẹ̀ tó. W830 bẹ̀rẹ̀ láti f/3.3, RX100 bẹ̀rẹ̀ láti f/1.8, ìmọ́lẹ̀ tí èyí ń gbà wọlé ju ìlọ́po mẹ́ta tìyẹn lọ. Ibẹ̀ gan-an lowó ń lọ, kì í ṣe mẹ́gà.

Mi ò ní kẹ́ ẹ má ra W830 o. Fún ọjọ́ ìbí ọmọ, fún òde tí oòrùn ti ń ràn, ó fúyẹ́, súùmù ẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń fa ohun tó jìn sún mọ́tòsí, tó ìlọ́po 8, àwọn ọmọ ìwòyí tiẹ̀ fẹ́ràn bí fọ́tò ẹ̀ ṣe máa ń jọ ti ayé àtijọ́. Tó bá sì jẹ́ pé ọdún Ọ̀ṣun lẹ fẹ́ máa yà, tẹ́ ẹ mọ̀ pé ẹ̀yìn èrò lẹ máa dúró sí, ẹ wo Canon PowerShot SX740 HS, súùmù 40 ni, ojúlówó súùmù tí lẹ́ńsì ń yọ jáde, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní digital tó kàn ń gé fọ́tò tó ń fẹ̀ ẹ́. Sẹ́ńsọ̀ tiẹ̀ kéré bíi ti W830, tórí bẹ́ẹ̀ ọ̀sán ni kẹ́ ẹ fi ṣiṣẹ́. Canon G7 X Mark II náà dáa gan-an, sẹ́ńsọ̀ ẹ̀ tóbi bíi ti RX100, lẹ́ńsì ẹ̀ f/1.8 sí f/2.8, ojú tó wà lẹ́yìn ẹ̀ téèyàn fi ń wo fọ́tò ń ṣí sókè téèyàn fi lè rí ara ẹ̀, ó ní Wáì-fáì. Ká ní èmi ni mò ń sọ̀rọ̀ nínú fídíò, òun ni ǹ bá rà. Ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí mo béèrè dé, owó ẹ̀ ga ju ti RX100 tòkúnbọ̀ lọ dáadáa, aṣọ mi ló sì ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe èmi.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mú RX100, ti àkọ́kọ́ pátápátá, èyí tó jáde ní 2012. Kò wúwo, gíráàmù 240 pẹ̀lú bátìrì àti káàdì, àpò búbà gbà á.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni mo na aṣọ sórí okùn lẹ́yìnkùlé, lábẹ́ ìbòòji, kì í ṣe nínú oòrùn gangan. Mo gbé bébà funfun síbi tí aṣọ máa wà, mo wọ WB, mo sún lọ sí Custom Setup, mo dojú kámẹ́rà kọ bébà yẹn, mo tẹ̀ ẹ́. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé mo ti sọ fún un pé "ohun tó funfun níbí nìyí, má dá tìrẹ rò mọ́." Ẹ má lo aṣọ funfun tẹ́ ẹ fi búlúù fọ̀ o, búlúù inú ẹ̀ á tan kámẹ́rà jẹ, ẹ̀yin náà á ṣì í. Lẹ́yìn náà mo ya ẹ̀tù tó dúdú, mo ya àyìnrín tí búlúù ẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ya oníko kan, èyí tí wọ́n ń fokùn dì kó tó wọ aró, tí ìyá mi dá. Mo gbé fọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ, inú mi dùn débi pé mo pe àwọn ọmọ iṣẹ́ kí wọ́n wá wò ó. Dúdú dúró ní dúdú, àyìnrín dúró ní àyìnrín, ibi tí aró ti sá díẹ̀ lábẹ́ okùn oníko, ẹ máa rí i. Oníbàárà Ìbàdàn yẹn ni mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí.

Mo tún gbé e lọ sínú igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kọ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Abẹ́ igi ńláńlá ibẹ̀ ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan, ìmọ́lẹ̀ tó bá sì já wọlé, àwọ̀ ewé ti bá a lọ, tẹ́ ẹ bá fi sí ọ́tò àwọn ère tí Àdùnní Olórìṣà àtàwọn oníṣẹ́ ọnà tó bá a ṣiṣẹ́ mọ á dà bí ohun tí wọ́n fi ewé pa lára. Bébà funfun mi náà ló tún ṣiṣẹ́, amọ̀ àti sìmẹ́ǹtì padà sí àwọ̀ wọn.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọkàn mi ti balẹ̀ pé mi ò fowó ṣòfò ni alẹ́ Iná Olójúmẹ́rìndínlógún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọdún Ọ̀ṣun mọ̀ ọ́n, àtùpà àtayébáyé tí wọ́n máa ń tàn láàfin di òwúrọ̀, tí Ataója máa ń jó yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta. Fláàṣì ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí iná bí iná, fláàṣì á kàn sọ gbogbo ẹ̀ di funfun. Mo pa fláàṣì, mo fi f sí 1.8, mi ò súùmù rárá torí tẹ́ ẹ bá ti ń súùmù ni ihò lẹ́ńsì ń dín kù, ó ń lọ dé 4.9. Mo fi ẹ̀yìn ti ògiri kí ọwọ́ mi má gbọ̀n. Ojú iná mẹ́rìndínlógún ló hàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pupa inú wọn sì wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí Arugbá jáde, ibi tí mo dúró sí ló jìn, 3.6 sì ni gbogbo súùmù RX100, igbá orí ẹ̀ àti àwọn aṣọ funfun tó yí i ká ni mo rí yà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ojú ẹ̀ sún mọ́ yín, ẹ padà sí SX740 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Ohun tí kò ní: kò ní Wáì-fáì, RX100 M2 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sí, nítorí náà ẹ ra káàdì rídà tó ń wọ fóònù, kẹ́ ẹ lè fi kó fọ́tò inú káàdì sórí ẹ̀. Ojú ẹ̀ kò ṣeé fọwọ́ tẹ̀, kò sì ń ṣí. Kò ní fídíò 4K, irú èyí tó ń hàn kedere gan-an. Iwájú ẹ̀ dán gbọrọgbọrọ, kò síbi tí ìka máa dì mú, okùn ọwọ́ ṣe pàtàkì. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ iná ni pé wáyà micro-USB ló fi ń gba ṣájì, páwà báǹkì lásán ń ṣe é, tí wọ́n bá mú iná lọ kò kan iṣẹ́ mi. Bátìrì ẹ̀ ni NP-BX1, fọ́tò 330 ni wọ́n sọ pé ó lè yà lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn sì tó ọjà odindi ọjọ́ kan fún mi.

Tòkúnbọ̀ ni tèmi, mo sì yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó sanwó. Ẹ tàn án kẹ́ ẹ pa á bíi ìgbà márùn-ún, lẹ́ńsì gbọ́dọ̀ jáde kó sì wọlé láìlọ̀ gììrì bí ẹni pé yanrìn wà nínú ẹ̀. Ẹ ya sánmà lásán pẹ̀lú f/11, tẹ́ ẹ bá rí àmì dúdú tí kì í kúrò lójú kan náà, eruku ti wọ orí sẹ́ńsọ̀ nìyẹn, lẹ́ńsì irú kámẹ́rà yìí kò sì ṣeé yọ fún yín láti nù ún. Ẹ wo bóyá bátìrì ti wú. Kẹ́ ẹ sì wo èdè o, Sony tí wọ́n ṣe fún àwọn ará Japan máa ń jẹ́ èdè Japan nìkan ló wà nínú ẹ̀, kò ṣeé yí padà, mo kọ ọ̀kan sílẹ̀ torí ẹ̀ bó tilẹ̀ tuntun ju èyí tí mo mú lọ.

Eruku yẹn ló ń kọ mí lóminú báyìí tí ọyẹ́ ń bọ̀, bí lẹ́ńsì ṣe ń jáde tó ń wọlé ló ń fa afẹ́fẹ́ wọnú. Mo ti ran àpò kékeré kan fún un, àdìrẹ níta, nílọ́ọ̀nù nínú, síìpù lẹ́nu, tí mo bá ti ya aṣọ tán ó ti wọbẹ̀ nìyẹn.