Amauti: Ohun Tó Yẹ Kẹ́ Ẹ Yẹ̀ Wò Lára Ẹ̀wù Ìpọnmọ Àwọn Obìnrin Inuit Kẹ́ Ẹ Tó Sanwó

Ẹni tó bá ti fi ọ̀já pọnmọ rí yóò tètè mọ ohun tí amauti wà fún. Ọ̀já ń gbá ọmọ mọ́ ẹ̀yìn. Amauti ní tirẹ̀ jẹ́ ẹ̀wù òtútù tí wọ́n rán àpò sí lẹ́yìn. Inú àpò yẹn lọmọ ń wà, àyà rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìyá, ìborí ńlá kan ṣoṣo á sì bo orí àwọn méjèèjì. Ọmọ ò nílò kóòtù nínú rẹ̀, torí ara ìyá ló ń mú un móoru. Àwọn obìnrin Inuit, ọmọ ìbílẹ̀ ilẹ̀ olótùútù ní Nunavut, Nunavik àti àwọn agbègbè míì ní àríwá Kánádà, ló ń rán an, fún ọmọ tiwọn àti fún títà. Bí òtútù bá ti le gan-an, a ò mọ ohun ìgbọ́mọ tó tó o. Àmọ́ púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wù tó ní àpò lẹ́yìn lásán ni.

Okùn ìbàdí ni ká kọ́kọ́ wò. Wọ́n máa ń gbé e gba abẹ́ ìdí ọmọ láti ìta ẹ̀wù, wọ́n á sì so ó níwájú. Òun gan-an lọmọ jókòó lé. Bí kò bá sí, tàbí tó dẹ̀, ọmọ á máa yọ̀ lọ sísàlẹ̀, ìwúwo rẹ̀ á fa ẹ̀wù sẹ́yìn, ọrùn ẹ̀wù á wá máa fún ìyá lọ́fun. Ẹni tó rà á á ní ẹ̀wù náà kéré. Kò kéré o, okùn ni. Kí ọmọ tó wọ̀ ọ́, ẹ ki ohun tó wúwo tó kílò 5 sínú àpò náà, ẹ so okùn, ẹ rìn, ẹ bẹ̀rẹ̀ bí ẹni fẹ́ mú nǹkan nílẹ̀. Tí ọrùn ẹ̀wù bá ṣì ń gòkè wá bá ọ̀fun, ẹ dá a padà. Tí ọmọ bá wọlé tán, àgbọ̀n rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ tẹ̀ mọ́ àyà, imú rẹ̀ ò sì gbọ́dọ̀ rì sínú aṣọ. Kí ẹlòmíì máa yọjú wò ó látìgbàdégbà. Nínú ọkọ̀ ńkọ́? Rárá. Ọmọ ní ìjókòó tirẹ̀ níbẹ̀.

Lẹ́yìn okùn, èjìká. Ojúlówó kì í há léjìká. Ní Kivalliq, agbègbè kan ní Nunavut níhà ìwọ̀-oòrùn omi Hudson Bay, irú èyí tí wọ́n ń pè ní tuilli fẹ̀ débi pé ìyá lè fa apá rẹ̀ wọlé, kó yí ọmọ wá síwájú, kó sì fún un lọ́mú láìjẹ́ kí atẹ́gùn kàn án. Èyí tí wọ́n gé èjìká rẹ̀ ṣóńṣó kó lè dára nínú fọ́tò ti ba iṣẹ́ yẹn jẹ́. Ẹ tún fọwọ́ wá inú àpò: tí ẹ bá bá láínì onífóòmù láàárín ẹ̀yìn ìyá àti àyà ọmọ, ooru ìyá ò ní dé ọ̀dọ̀ ọmọ.

Aṣọ ìpele méjì ló dáa jù: wúlù tó ki nínú láti dá ooru dúró, aṣọ tí wọ́n hun pinpin lóde láti lé atẹ́gùn. Bí ẹ bá fẹ́ síìpù níwájú, ẹ ní kí wọ́n rán ìbòjú aṣọ sẹ́yìn rẹ̀, torí ojú síìpù ni atẹ́gùn ń gbà wọlé.

Awọ onírun etí ìborí ló máa ń kó oníbàárà sí wàhálà ní ẹnubodè. Irun wolverine, ẹranko igbó kan ní ilẹ̀ olótùútù, dára, torí ìrì dídì kì í le mọ́ ọn. Ẹ gbọ̀n ọ́n, ó bọ́. Ti ìkookò náà dára, àmọ́ ó nílò ìwé àṣẹ CITES (àdéhùn àgbáyé lórí títa ẹranko igbó) tó bá fẹ́ jáde ní Kánádà. Tí amauti bá ní awọ síìlì níbikíbi, ẹ má fi ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà: òfin ọdún 1972 lórí àwọn ẹran inú òkun kò gbà á wọlé. Ní Yúróòpù, òfin 2009 tó ka ọjà síìlì léèwọ̀ yọ èyí tí àwọn Inuit fúnra wọn pa sílẹ̀, àmọ́ ìwé ẹ̀rí ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò fẹ́ wàhálà kó mú kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀.

Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, a ò sì rí ìdí tó fi yẹ kẹ́nikẹ́ni máa ná an ní ìnákúnàá. Nunavut ní ìlú 25, kò sí ọ̀nà mọ́tò tó so wọ́n mọ́ra tàbí mọ́ gúúsù Kánádà. Bàálù ló ń gbé aṣọ, òwú àti síìpù wá, àfi ọkọ̀ ojú omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ìyẹn ni owó iṣẹ́ obìnrin tó rán an, ilé tí oúnjẹ sì ti wọ́n bí ojú ló ń gbé e lọ. Irú ọjà yìí ti kó àgbákò rí: nígbà tí Yúróòpù fòfin de awọ ọmọ síìlì ní 1983, àwọn Inuit kọ́ ló ń pa ọmọ síìlì wọ̀nyẹn, síbẹ̀ iye owó awọ tiwọn náà já wálẹ̀.

Òfin ò dáàbò bo ẹ̀wù yìí dáadáa. Ẹni kan pàtó, tàbí ilé-iṣẹ́, ni òfin àmì-ọnà ń wá pé ó ṣẹ̀dá ohun tuntun, amauti sì jẹ́ ohun tí ìran ìyá-ńlá jùmọ̀ ni. Pauktuutit, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Inuit ní Kánádà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1984, ti gbé ọ̀rọ̀ náà dìde: ní 2001 wọ́n pe àwọn aránṣọ jọ sí ìlú Rankin Inlet ní Nunavut lórí rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ńlá lè ṣe é dáadáa tó bá fẹ́. Ní 2019 Canada Goose, ilé-iṣẹ́ ẹ̀wù òtútù ní Kánádà, gbé iṣẹ́ fún aránṣọ Inuit 14, èrè rẹ̀ sì lọ sọ́dọ̀ Inuit Tapiriit Kanatami, àjọ tó ń ṣojú àwọn Inuit ní Kánádà.

Nítorí náà, ọwọ́ ẹni tó rán an ni kẹ́ ẹ ti rà á. Ọ̀pọ̀ wọn ń tà lórí Facebook. Ẹ fi ìwọ̀n àyà, ìdí, gígùn apá, gígùn láti ẹ̀yìn ọrùn dé ìbàdí, gíga yín, àti ìwúwo ọmọ ránṣẹ́. Orí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ ti wọn ara. Ẹ san àsansílẹ̀ kó fi ra aṣọ, kẹ́ ẹ sì ti bẹ̀rẹ̀ kí òtútù tó dé. Aránṣọ kan kì í sá eré.

Tí ẹ bá fẹ́ fọ̀ ọ́, ẹ tú awọ onírun kúrò, ẹ fi omi tútù fọ wúlù rẹ̀, ẹ má sì kì í bọ ẹ̀rọ tó ń mú aṣọ gbẹ, yóò súnkì. Tí ẹ bá ti ìta dé, ẹ fi igi lu yìnyín kúrò lára rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kẹ́ ẹ tó wọlé, torí èyí tó bá yọ́ sínú wúlù lálẹ́ ni yóò mú ọmọ tutù láàárọ̀.