Gírísì òrí àti ìda tí màmá kan ń tà l'Ọjà Ọba Òṣogbo: ó dáa fún ṣakabùlà, àmọ́ ẹ má gbé e sóòrùn

Ẹ̀yin ọdẹ, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ níwèé àṣẹ tẹ́ ẹ máa ń yìnbọn níbi ìnáwó, gírísì tá a fi ń pa inú ìbọn rèé. Kò lórúkọ, inú agolo tòmátò tí wọ́n ti fọ̀ mọ́ ni màmá náà máa ń rọ ọ́ sí, wọ́n á fi náílọ́ọ̀nù bò ó lẹ́nu, wọ́n á fi rọ́bà so ó. Apá ibi tí wọ́n ti ń ta òrí àti àdí l'Ọjà Ọba ni wọ́n ń jókòó sí. Tẹ́ ẹ bá ti ní òrí lẹ fẹ́ rà, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín ni pé "Ti ara ni àbí tìbọn?" torí ọ̀tọ̀ ni méjèèjì: ti ara, òrí lásán ni, tìbọn, wọ́n ti yọ́ ìda oyin mọ́ ọn. ₦2,000 ni wọ́n ta tèmi, ó sì máa ń pẹ́ lọ́wọ́ dáadáa. Ìlú tó jẹ́ pé ọdẹ bí Olútìmẹ́hìn wà lára àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó, ó yẹ kí gírísì ìbọn wà níbẹ̀ jàre.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ̀tù dúdú kì í jó tán. Nínú ìwọ̀n ẹ̀tù téèyàn bá rọ sínú ìbọn, ó tó bí ìdajì tí kì í di atẹ́gùn rárá, eruku ló ń dà, òmíì á bá èéfín jáde, òmíì á lẹ̀ mọ́ inú páìpù. Nígbà ọyẹ́ ni wàhálà ẹ̀ pọ̀ jù, á gan bí èépá tó gbẹ mọ́ ìdí ìkòkò, téèyàn bá ti yìn ín bíi mélòó kan, ọ̀pá tá a fi ń gún ẹ̀tù àti àkísà wọlé ò ní fẹ́ wọlé mọ́, ẹ ó máa tì í, ẹ ó máa làágùn. Nígbà òjò ẹ̀wẹ̀, èérí yẹn ń fa omi mọ́ra, kí ilẹ̀ tó mọ́ irin ti bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún. Gírísì ò ní kí èérí má wà o, ohun tó ń ṣe ni pé kò ní jẹ́ kó gan, á rọ̀, àkísà tẹ́ ẹ fi gírísì rà, tẹ́ ẹ bá tún gún un wọlé tẹ̀ lé ẹ̀tù, á kó o lọ síwájú, tẹ́ ẹ bá sì yìn ín á bá a jáde.

Ibi tí mo ti ń bá àwọn èèyàn wa jà nìyí: ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n dà nù lára ọ̀kadà ni ọ̀pọ̀ ń fi pa ìbọn. Ohun tó bá tinú epo rọ̀bì wá, tó bá pàdé iná ẹ̀tù dúdú, ó máa ń di dúdú tó ń fà, tó sì le láti fọ̀. Ọ̀rá ẹran, òrí, ìda oyin, àwọn yẹn ni wọ́n bá ẹ̀tù mu. Kì í ṣe àbá tèmi o. Ẹ̀gbọ́n mi kan tí wọ́n wà ní Texas, ìbọn alọ́ta àtijọ́ ni wọ́n fi ń ṣeré ìdárayá, irú èyí tí wọ́n ń pè ní .45-70, táwọn ológun Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1873, ẹ̀tù dúdú ló wà nínú kátíréèjì ẹ̀. Òjé tí wọ́n ń yìn, wọ́n gé ilà yí i ká, inú ilà yẹn ni wọ́n ń ki ìda àti ọ̀rá sí. Wọ́n ní tí àwọn bá yìn ín tán, ẹnu ìbọn làwọn máa ń wò, tí ọ̀rá bá yí i ká bí ìràwọ̀, a jẹ́ pé gírísì náà dé ìparí páìpù, tẹ́nu bá gbẹ, kò tó nìyẹn. Nígbà míì wọ́n á tún fi ọ̀pá kékeré kan fẹ́ èémí ẹnu wọn gba ìdí ìbọn tí wọ́n ti ṣí sílẹ̀, kí òógùn èémí yẹn lè mú kí èérí rọ̀ kí wọ́n tó tún yìn ín. Ẹ má dán ìyẹn wò pẹ̀lú ṣakabùlà o, ẹnìkan kì í gbé ẹnu sẹ́nu ìbọn.

Mo bi màmá bóyá ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n ní "Ọmọ mi, òrí àti ìda nìkan ni, àwọn Àláájì gan-an ń rà á." Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré, ní 1857 ní Íńdíà, ìròyìn pé ọ̀rá màlúù àti ti ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi pa kátíréèjì ìbọn Enfield wà lára ohun tó mú káwọn ṣọ́jà Híńdù àti Mùsùlùmí, tí ẹ̀sìn wọn kọ irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀, kọjú ìjà sáwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gbà wọ́n síṣẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ po tiyín fúnra yín, ẹ ṣọ́ra fún ìda. L'Òṣogbo níbí, àwọn tó ń ṣe bátíìkì máa ń lo àbẹ́là, ọlọ́jà kan sì ti ta àdàlù ẹ̀ fún mi rí, ó búra pé ìda oyin pọ́ńbélé ni. Ìda oyin máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ẹ bá fi ìka rà á, á gbóòórùn oyin. Àbẹ́là funfun, kì í gbóòórùn, tẹ́ ẹ bá fi èékánná ha á á máa bọ́ wẹ́wẹ́. Epo rọ̀bì ló sì ti wá, a tún padà sídìí ọ́ìlì ọ̀kadà nìyẹn.

Bí mo ṣe ń lò ó: àkísà òwú, ti kaba àtijọ́, kì í ṣe aṣọ náílọ́ọ̀nù, torí ìyẹn á yọ́ mọ́ inú páìpù. Ẹ fi gírísì rà á títí á fi máa dán, ẹ má jẹ́ kó máa kán. Ẹ kọ́kọ́ fi bébà gbígbẹ dí ẹ̀tù kí àkísà tó tẹ̀ lé e, torí tí òrí bá kan ẹ̀tù, ìbọn ò ní ké, ẹran á sì ti sá lọ. Àti pé gírísì ò ní kẹ́ ẹ má fọ ìbọn, omi gbígbóná àtọṣẹ dúdú lọ́jọ́ náà gan-an, kẹ́ ẹ gbẹ ẹ́, kẹ́ ẹ wá fi díẹ̀ pa inú ẹ̀.

Ibi tó kù sí ni pé ìda tí màmá fi sí i kéré. Nígbà ọyẹ́ kò burú rárá, àmọ́ nínú ooru oṣù kẹta, òrí inú ẹ̀ á yọ́, á da àpò yín rú, nígbà tó sì jẹ́ pé ìda gangan ò ní yọ́ àfi tó bá gbóná kọjá 60°C. Mo ti sọ fún wọn, wọ́n ní ìda ti wọ́n, táwọn bá fi kún un owó ẹ̀ á lọ sókè. Èmi á san án o. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ èyí tó le, ẹ sọ fún wọn ṣáájú, wọ́n á po ó lọ́tọ̀, tẹ́ ẹ bá sì mú agolo yín dání wọ́n á yọ ₦200 fún yín.